Bí Floor Tom Ṣe Ń Di Báàsì, Tí Ìyáàlù Kò sì Ní Pàdánù Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí kò ju ti ohùn, sílébù àti gbólóhùn lọ. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì sí Olódò níbí, ìbéèrè ti di oríṣiríṣi. Èyí tó dé kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú yín, tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí kò jìnnà sí ilé mi. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ káalẹ́ o, sà. Báàsì wa ti fàya, igi rẹ̀ náà ti là. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó ọwọ́ ìjọ kò sì lè ra òmíràn. Ṣùgbọ́n a ní floor tom méjì nílẹ̀. Ọmọ tó ń lu dírọ́ọ̀mù wa ní wọ́n máa ń sọ ọ́ di báàsì. Ṣé òótọ́ ni, sà?"

Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ èmi ló ń bi, tí kò lọ bá àwọn onílù? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nítorí Bàbá onílù wa ni, sà." Bàbá tó ń lu ìyáàlù fún wọn ti sọ pé bí báàsì tuntun bá tún máa pariwo bí ti àtijọ́, àwọn á gbé ìlù àwọn lọ sílé. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ohun tí ìlù àwọn ń sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Gbólóhùn yìí ló gbé mi dìde. Báàsì tó fàya, ìṣòro owó ni. Ìyáàlù tó ń sọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó gbọ́, ìṣòro èdè ni, ìyẹn sì ni iṣẹ́ mi. Nítorí náà, n óò ṣàlàyé méjèèjì papọ̀: bí a ṣe ń sọ floor tom di báàsì láìba ìlù náà jẹ́, àti bí a ṣe ń tún ohùn rẹ̀ ṣe kí ìlù tó ń sọ̀rọ̀ lè ráyè sọ̀rọ̀.

Ìlù kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀

Nínú dírọ́ọ̀mù òyìnbó tí ẹ ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, báàsì ni èyí tó tóbi jù, tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tí onílù ń fi ẹsẹ̀ lù. Floor tom ni èyí tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún onílù, tó ń fi ọ̀pá lù láti òkè. Báàsì tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ tó íǹṣì 22 lójú. Ti 20 àti ti 24 náà wà. Floor tom tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ tó íǹṣì 16. Ti 14 àti ti 18 náà wà.

Bí ẹ bá tú àwọn méjèèjì palẹ̀, ẹ ó rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Igi róbótó tó ṣófo nínú, awọ lójú méjì, rímù tó di awọ mú, bóòtù tó ń fa rímù le. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò pọ̀. Báàsì tóbi jù. Ó dùbúlẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ méjì níwájú tí kì í jẹ́ kó yí tàbí kó sá lọ. Rímù rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ igi tó nípọn, tí pẹ́dà lè di mú. Ohun tó kù, iṣẹ́ tí a rán an ni.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú kíláàsì mi á rántí ọ̀rọ̀ náà "orí". Nínú "orí ń fọ́ mi", ẹ̀yà ara ni. Nínú "ìwé wà lórí tábìlì", ó ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan wà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò pààrọ̀ awọ. Ibi tó dúró sí àti iṣẹ́ tó ń ṣe ló yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlù.

Kódà, báàsì fúnra rẹ̀, ìlù tí wọ́n yí iṣẹ́ rẹ̀ padà ni. Lọ́dọ̀ àwọn ológun Tọ́kì ni àwọn ará Yúróòpù ti mú irú ìlù ńlá bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi di 1782, Mozart ti ń lò ó nínú ọ̀kan nínú àwọn eré olórin rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ológun ń gbé e kọ́ àyà rìn. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin ijó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa lu ìlù tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ń lù tẹ́lẹ̀. Ní 1909, William Ludwig àti àbúrò rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Chicago láti máa ṣe pẹ́dà tó yára tó fún iṣẹ́ náà. Báyìí ni ìlù tó ń rìn ṣe jókòó sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ gba iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn onílù jazz náà fẹ́ràn báàsì oníṣì 18, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju floor tom lọ.

Ẹ má sì rò pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe irú èyí. Àwọn ọmọ Àyàn wa kó omele bàtá mẹ́ta, wọ́n so ó pọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní omele mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo sì ń fi sọ̀rọ̀ lóríṣiríṣi ohùn. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Ìṣirò díẹ̀ kí a tó mú sípánà

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu bí ohùn awọ ìlù ṣe máa ga tó: bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí a ṣe fà á le tó, àti bí awọ náà ṣe wúwo tó. Bí ojú bá fẹ̀, ohùn á lọ sílẹ̀. Bí awọ bá le, ohùn á gòkè. Bí awọ bá wúwo, ohùn á tún lọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣírò. Tí a bá mú irú awọ kan náà, tí a fà á le bákan náà sórí ìlù oníṣì 22 àti oníṣì 16, ohùn ti kékeré á ga ju ti ńlá lọ tó bí ẹni gbéra láti dò lọ sí fà, kó tún lé díẹ̀. Bí a bá wá fẹ́ kí kékeré sọ̀ kalẹ̀ bá ńlá, a óò dín bí awọ ṣe le kù títí tí yóò fi ku bí ìdajì, pẹ̀lú èèpẹ́ díẹ̀ lé e. Fún oníṣì 18, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni yóò kù. Mo ti gbójú fo afẹ́fẹ́ inú ìlù nínú ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ ọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé floor tom lè sọ ohùn báàsì, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ bí a bá fún un le bí a ti ń fún un nígbà tó wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Awọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá dẹ̀ jù á kàn máa gbọ̀n pẹrẹpẹrẹ bí ọ̀rá. Ìdí nìyí tí a fi ń fi awọ tó nípọn sí i, àgàgà èyí tó jẹ́ ìpele méjì.

Awọ tí mo ń sọ yìí, ike ni. Láti nǹkan bí ọdún 1957 ni irú awọ tí Remo Belli ń tà ní Amẹ́ríkà ti ń gba ipò awọ ẹran lórí dírọ́ọ̀mù. Àǹfààní rẹ̀ fún wa ni pé òjò kì í mú un rọ̀, ọyẹ́ kì í sì mú un le, bí wọ́n ti ń ṣe sí awọ ewúrẹ́ tó wà lójú dùndún.

Bí a ṣe ṣe é

Òfin kan ni mo kọ́kọ́ fi lélẹ̀ fún wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu ihò sára igi ìlù náà. Igi tí a bá lu kì í dí padà. Bí owó bá dé lọ́la, a fẹ́ kí floor tom lè padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kò ṣíkúrò níbẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà, a mú oníṣì 16, a fi oníṣì 14 sílẹ̀. A ya fọ́tò rẹ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ kí a tó tú u. Bóòtù tí a tú, inú agolo mílíìkì ni a kó wọn sí. Ẹ má fojú kéré èyí o. Bóòtù ìlù kan tó bá bọ́ sínú koríko ní Olódò, ó dàbọ̀ nìyẹn.

Èyí tó kàn ni bí ìlù ṣe máa dùbúlẹ̀. Floor tom ní ibi mẹ́ta tí ẹsẹ̀ irin ń kọjá lára rẹ̀. Ẹ yí i títí tí méjì nínú wọn yóò fi wà nísàlẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, tí ẹ̀kẹta á wà lókè gan-an. Ojú tó wà lókè tẹ́lẹ̀, tí ọ̀pá ń lù, òun ni kó kọjú sí onílù. Ojú tó wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó kọjú sí ìjọ. Ìdí ni pé ibi tí ẹsẹ̀ ń kọjá sábà máa ń sún mọ́ ojú ìsàlẹ̀, iwájú sì ni a ti nílò ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó wà lára floor tom kò lè ṣiṣẹ́ náà bó ṣe wà, nítorí pé bí ìlù bá dùbúlẹ̀, ńṣe ni ẹsẹ̀ náà á nà gbalaja síwájú láìkan ilẹ̀. A lọ bá wẹ́dà kan lójú títì tó lọ sí Ìwó. Ó gé ọ̀pá irin méjì tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ihò náà mu, ó tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè jáde níwájú, kó yà sí ẹ̀gbẹ́, kó sì balẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ ya síta, kí wọ́n sì dagun síwájú díẹ̀. Bí wọ́n bá dúró ṣánṣán, gbogbo ìgbà tí onílù bá tẹ pẹ́dà ni ìlù á máa sá fún un. A yọ rọ́bà ìdí ẹsẹ̀ àtijọ́, a fi wọ àwọn ẹsẹ̀ tuntun.

Ẹ̀yìn, níbi tí pẹ́dà wà, ló le jù. Àárín báàsì oníṣì 22 fi íǹṣì 11 ga sílẹ̀. Àárín floor tom oníṣì 16 kò ju íǹṣì 8 lọ. Pẹ́dà sì ti mọ́ra pẹ̀lú ìlù ńlá. Bí a bá gbé ìlù kékeré sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orí kọ̀ǹgọ́ pẹ́dà á máa ba ojú awọ lókè, nítòsí rímù, ohùn rẹ̀ á sì máa dún bí agbè. Ẹ lè fa ọ̀pá kọ̀ǹgọ́ náà wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá kúrú jù, kò ní lágbára mọ́. Ohun tó dára jù ni kí a gbé ìlù sókè tó íǹṣì méjì sí mẹ́ta.

Káfíńtà gé pákó líle kan, ó gbẹ́ orí rẹ̀ bí apá òṣùpá kí rímù lè jókòó sí i. A gé túùbù táyà àtijọ́, a fi tẹ́ ojú ibi tó gbẹ́ náà, kí irin má baà máa ha pákó. Wẹ́dà wá ṣe irin pẹlẹbẹ kan. Ó lu ihò méjì sí òkè rẹ̀, ní ìwọ̀n àlàfo tó wà láàrin bóòtù méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó tẹ ìsàlẹ̀ irin náà kó jáde bí ahọ́n sí ẹ̀yìn, nítòsí ilẹ̀. A yọ bóòtù méjèèjì, a kì wọ́n bọ ihò irin náà, a dá wọn padà. Pẹ́dà kò di rímù ìlù mú mọ́, ahọ́n irin yẹn ló ń dì mú. Èyí ṣe pàtàkì, torí rímù irin floor tom kò nípọn. Bí pẹ́dà bá ń fún un lójoojúmọ́, á wọ́, rímù tó bá sì ti wọ́ kò lè fa awọ dọ́gba mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé orí pákó ni ìwúwo ìlù wà. Iṣẹ́ irin ni láti di pẹ́dà mú, kì í ṣe láti ru ìlù. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ẹsẹ̀ iwájú tò kí iwájú ga ju ẹ̀yìn lọ díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ sìmẹ́ńtì, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i. Ó parí. Gbogbo rẹ̀ gba ọ̀sán kan, àyíká ìyọ̀ǹda ìyàwó wẹ́dà tó ń pè é wá jẹun wà nínú rẹ̀.

Yíyí ohùn rẹ̀

Ẹ tú gbogbo bóòtù sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí wọn títí tí ọwọ́ kò fi lè yí wọn mọ́. Ẹ wá mú sípánà, ẹ yí èyí tó wà lókè ní ìdajì, kí ẹ lọ sí èyí tó kọjú sí i nísàlẹ̀, kí ẹ lọ sí òsì, kí ẹ lọ sí ọ̀tún. Ẹ má ṣe tò wọ́n yí po bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, awọ á fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà tí ìhunjọ ojú awọ bá kàn tẹ́ tán, ẹ dúró. Bí ó bá ṣì ń gbọ̀n pẹrẹpẹrẹ, ẹ fi ìdá mẹ́rin ìyípo kan kún un, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú iwájú lè le ju ti ẹ̀yìn lọ díẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lu dírọ́ọ̀mù náà kò fẹ́ èyí. Ó fẹ́ kí ó le, kó máa ta. Mo bi í pé, "Ìró wo lo fẹ́ kó máa dún?" Ó ní, "Gbìììn!" Mo ní kó fetí sí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Bí Yorùbá bá fẹ́ fi ìró sọ ohun tó tóbi tó wúwo, ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò. Nǹkan ńlá róbótó, rògòdò ni. Kékeré rẹ̀, rógódó. Ọmọ náà fi ohùn ìsàlẹ̀ pe báàsì, ó wá fẹ́ fi sípánà fà á sókè. Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Gígùn ìró náà ni ìṣòro tó kù. "Gbìììn" gùn jù. Ohun tí a ń wá ni "gbì", kó ṣíwọ́.

Bí a ṣe ń gé ìró kúrú kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ wo ojú òjò bàtá, ẹ ó rí ìda dúdú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ìda yẹn ń fi kún ìwúwo awọ, ó sì ń pa ariwo kéékèèké tó ń tẹ̀lé ìró gangan. Gúdúgúdú náà ń lo ìda. Báàsì wa kò gba ìda, ṣùgbọ́n fóòmù tìmùtìmù àtijọ́ tàbí aṣọ ìnura kan tí a ká sínú rẹ̀, tó kan ojú méjèèjì díẹ̀, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀. Bí ẹ bá kì í kún, ẹ ó máa lu páálí.

Ẹ rí i pẹ̀lú pé àárín gan-an ni kọ̀ǹgọ́ pẹ́dà ń bà. Bí a bá lu awọ láàrin, púpọ̀ nínú àwọn ìró kéékèèké tó ń gbọ̀n ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kò ní jí rárá. Bí a bá lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wọn á jí.

"Ọkọ̀ ti dé"

Nígbà tí a kó ìlù náà sínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo bẹ Bàbá onílù pé kí wọ́n wá pẹ̀lú ìyáàlù wọn. Ilé onípáànù ni, kò ní sílìn, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ sìmẹ́ńtì. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ níbẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí ọmọ akọrin mẹ́ta dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n kẹ̀yìn sí wa. Mo sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún wọn pé ọ̀kan nínú wọn ni Bàbá máa fi ìlù sọ: "Ọkọ ti dé", "Ọkọ́ ti dé", "Ọkọ̀ ti dé". Mo wá rọra sọ fún Bàbá pé "Ọkọ̀ ti dé" ni kí wọ́n lù.

Ẹ rántí pé ìlù kò ní fáwẹ́lì, kò ní kọ́ńsónáǹtì. Ohùn ni gbogbo ohun tó ní, àti bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gùn tó. Nínú ọkọ, ohùn àárín méjì ni. Nínú ọkọ́, àárín àti òkè. Nínú ọkọ̀, àárín àti ìsàlẹ̀. Ohùn kan péré ló wà láàrin baálé ilé, irin iṣẹ́ àgbẹ̀ àti mọ́tò.

A kọ́kọ́ jẹ́ kí báàsì le bí ọmọkùnrin yẹn ṣe fẹ́ ẹ, láìsí fóòmù nínú rẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́, Bàbá ń sọ̀rọ̀. Ọmọ kan ní "Ọkọ ti dé" lòun gbọ́. Èkejì ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀kẹta nìkan ló gbà á. Màmá kan tó ń gbálẹ̀ ní, "Ọkọ ta ni?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi Bàbá.

A wá dẹ awọ, a fi fóòmù sí i, ọmọkùnrin yẹn sì ń tẹ pẹ́dà pẹ̀lú ipá kan náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ọkọ̀!"

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìró tó wà nísàlẹ̀ máa ń bo èyí tó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju bí èyí tó wà lókè ṣe lè bo ti ìsàlẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ìgbọ́ràn ti mọ èyí tipẹ́. Ìró tí wọ́n bá sì súnmọ́ ara wọn ni wọ́n ń bo ara wọn jù. Floor tom tí a fún le, tó sì ń dún pẹ́, ohùn rẹ̀ ń gòkè lọ bá ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọnù. Bí ó bá ti sọnù, ọkọ̀ di ọkọ. Nítorí náà, ohun méjì ni a ń béèrè lọ́wọ́ báàsì: kó jìnnà sísàlẹ̀, kó sì tètè dákẹ́.

Àwa ará Ìbàdàn kúkú mọ bí ọ̀rọ̀ ìlù ṣe ẹlẹgẹ́ tó. Nígbà tí rédíò àtijọ́ ń fi ìlù sọ orúkọ ara rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àwọn gbọ́ ni "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Gbogbo ohùn ìlù náà ló mọ́ketekete lọ́jọ́ yẹn o, síbẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ yà. Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ bí a bá tún gba ohùn kan lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun tó kù sọ́wọ́ ẹsẹ̀

Sípánà àti fóòmù kò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ onílù náà ní láti gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo sọ fún ọmọkùnrin yẹn pé kó lọ gbọ́ Tony Allen, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1940, tó bá Fẹlá lu ìlù Afrobeat, tó sì kú ní Paris ní 2020. Kó fetí sí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Báàsì rẹ̀ kì í kàn ká ẹsẹ̀ ijó bí aago. Ó ń dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ìlù yòókù, ó sì ń fi àyè sílẹ̀. Àyè yẹn ni ìyáàlù nílò. Nígbà tí Bàbá bá ń ki ènìyàn, kí báàsì dúró sí ìpẹ̀kun gbólóhùn kó tó wọlé, bí ẹni ń ṣe "ẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n" fún àgbà tó ń sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣe "ẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n" lórí ọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀.

N kò sọ pé floor tom á dàbí báàsì oníṣì 22 nínú gbọ̀ngàn ńlá. Kò lè dà bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ kéré, afẹ́fẹ́ tó ń tì kò pọ̀. Ní pápá ìṣeré, ẹ ó nílò gbohùngbohùn níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì onípáànù tó gba ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Ó sì wọ inú kẹ̀kẹ́ Márúwá pẹ̀lú onílù àti ọ̀pá rẹ̀, èyí tí báàsì àtijọ́ kò ṣe rí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ kí ó dún ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó rántí ohun tí àwọn àgbà wí: ìlù tó bá dún àdúnjù, ó ti fẹ́ fàya.

Wọ́n ti ṣe ìkórè náà. Bàbá kò gbé ìlù wọn lọ sílé. Wọ́n ki ìyá ìjọ kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ìyá náà sì dìde láti orí bẹ́ǹṣì, ó dá ìlù lóhùn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, nítorí ó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọmọkùnrin onídírọ́ọ̀mù gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà títí wọ́n fi parí. Ẹsẹ̀ mẹ́ta àtijọ́ ti floor tom náà wà nínú àpò kan lẹ́yìn pẹpẹ, pẹ̀lú fọ́tò tí a yà, títí owó yóò fi dé.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ kí àwọn ará ilé fún mi.